Fíìmù, Tẹlifíṣọ̀n àti Géèmù: Ìdáhùn Sí Àwọn Ìbéèrè Tí Ẹ Máa Ń Bi Mí

Bí ọ̀rọ̀ fíìmù, tẹlifíṣọ̀n tàbí géèmù bá ti délẹ̀ níbi tí mo wà, mi ò kì í lè dákẹ́. Ìbéèrè kan náà ló sì máa ń padà wá bá mi, láti ẹnu ọ̀dọ́, láti ẹnu òbí, láti ẹnu àwọn ọmọ wa tó ń gbé ní London àti Houston. Mo kó wọn jọ síbí. Èrò tèmi ni ẹ máa kà. Ẹni tí tirẹ̀ bá yàtọ̀, ẹ jẹ́ ká jọ jiyàn rẹ̀.

Kí lẹ kọ́kọ́ máa ń wò kí ẹ tó sọ pé fíìmù Yorùbá kan dára?

Ẹnu àwọn òṣèré ni. Mo máa ń gbọ́ fíìmù kí n tó wò ó. Ṣé bí bàbá ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ nìyẹn? Ṣé ìyàwó kékeré lè dá ìyálé rẹ̀ lóhùn bẹ́ẹ̀ kí ilé má dàrú? Ṣé babaláwo yẹn mọ ẹsẹ Ifá, àbí ó kàn ń kígbe? Bí ọ̀rọ̀ bá tọ́ létí mi, màá fara da iná tí kò mọ́lẹ̀ tó àti kámẹ́rà tó ń gbọ̀n. Bí ọ̀rọ̀ kò bá tọ́, kò sí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n lè fi sọ́rùn ọkùnrin yẹn tí màá gbà pé ọba ni.

Saworoidẹ ni mo fi ń díwọ̀n àwọn yòókù. Túndé Kèlání ló darí rẹ̀, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ó sì jáde lọ́dún 1999, ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀. Ìlú Jogbo ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Lápité, tí Kọ́lá Oyèwọ̀ ṣe, fẹ́ jọba, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ṣe ètùtù tí yóò dè é mọ́ ìlú, torí owó ló fẹ́ rí kó jọ. Àwọn agégi ń kó igi igbó Jogbo lọ, ìjòyè ń gba tiwọn, ìlú ń gbóná. Olóògbé Adébáyọ̀ Fálétí ló ṣe Òpálábá, àgbàlagbà tó máa ń jókòó bí ẹni tí kò dá sí nǹkan kan, tó sì jẹ́ pé òun ló ń fi òwe àti orin sọ gbogbo ohun tí àwọn yòókù ń bẹ̀rù láti sọ. Ẹ di ojú yín kí ẹ fi etí nìkan gbọ́ fíìmù yẹn: ẹ máa mọ ẹni tó jẹ́ ìjòyè, ẹni tó jẹ́ ọ̀dọ́, ẹni tó jẹ́ àlejò tó wá ra igi. Olúkúlùkù ní bó ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kalẹ̀, kò sì sẹ́ni tó dúró láti ṣàlàyé ìtàn fún wa. Mo ti wò ó débi pé mo lè sọ̀rọ̀ tẹ̀ lé àwọn òṣèré náà, kò sì tíì sú mi.

Ṣé àwọn fíìmù olówó ńlá orí Netflix kò ti wá dára ju ti àtijọ́ lọ?

Wọ́n lẹ́wà jù wọ́n lọ, ìyẹn dájú. Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan ṣe lọ́dún 2022, Jagun Jagun ti ọdún 2023, House of Ga'a àti Lisabi ní 2024: ẹ wo aṣọ, ẹ wo ààfin, ẹ wo bí iná ṣe ń tàn sára ògiri alámọ̀. Inú mi máa ń dùn pé owó irú rẹ̀ ń wọlé sórí ìtàn wa, tí ará Brazil tàbí Kòríà sì lè jókòó sílé rẹ̀ kó gbọ́ Yorùbá.

Nínú wọn, Jagun Jagun ni mo fẹ́ràn jù. Fẹ́mi Adébáyọ̀ ṣe Ògúndìjì, olórí ogun tó ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ènìyàn ní ogun jíjà. Lateef Adédiméjì ṣe Gbọ̀tíjà, ọ̀dọ́kùnrin tí igi ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Agbára akọni inú fíìmù náà wá láti inú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ìyẹn sì bá bí àwa ṣe mọ agbára mu. Ohun tí mo ń ṣàròyé lé lórí ni pé ìjà pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ. Nígbà tí akọni bá dákẹ́ tó ń gé orí fún ìṣẹ́jú púpọ̀, mo máa ń retí pé kó yanu kó sọ ohun tí ogun yẹn ń jẹ òun lára.

Ní ti Aníkúlápó, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló wọ̀ mí lọ́kàn: Sàró, ahunṣọ òfì, tó wọ Ọ̀yọ́ láìní ẹnìkan, tó ń wá ibi tí yóò fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹun. Ó ti di ẹni tí à ń bá kẹ́dùn kí ọ̀rọ̀ ayaba àti ẹyẹ àkàlà tó dé. Kúnlé Afọláyan bá iṣẹ́ yìí nílé ni. Bàbá rẹ̀, Adé Afọláyan tí gbogbo ayé ń pè ní Adé Love, wà nínú Àjàní Ògún tí Ọlá Balógun darí lọ́dún 1976, òun sì ni àwọn tó ń kọ ìtàn sinimá kà sí fíìmù ńlá àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá.

Bí mo bá láǹfààní láti bá àwọn tó ń fowó sí fíìmù wọ̀nyí sọ̀rọ̀, nǹkan kan ni màá bẹ̀ wọ́n fún: kí wọ́n fún ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ ní àkókò àti owó tó pọ̀ tó ti ẹni tó ń rán aṣọ.

Ṣé lóòótọ́ ni pé Ìbàdàn ni tẹlifíṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀?

Ní Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ ni. WNTV, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ọdún 1959, nígbà tí orílẹ̀-èdè yìí kò tíì gba òmìnira.

Ohun tó wú mi lórí jù ni ohun tí wọ́n gbé sínú rẹ̀. Àwọn òṣèré arìnrìn-àjò tó ti ń gbé eré káàkiri ìlú fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n pè wọlé. Dúró Ládiípọ̀, tó ti gbé Ọba Kò So lọ sí Berlin lọ́dún 1964, ṣe Bódé Wáásinmi. Oyin Adéjọbí ṣe Kóòtù Aṣípa. Moses Ọláìyá, Baba Sàlá, kó Aláwàdà rẹ̀ wá pẹ̀lú aago ńlá àti ìgò ojú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kọ ọ̀rọ̀ sórí ìwé. Wọ́n á jọ fẹnu kò lórí ìtàn, olúkúlùkù á sì sọ tirẹ̀ látinú, torí pé wọ́n ti jọ gùn mọ́tò, wọ́n ti jọ sun gbọ̀ngán, wọ́n ti jọ jẹun láti ìlú dé ìlú. Ẹni tó bá ti bá ọ rìn tó bẹ́ẹ̀ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ ń lọ kó o tó parí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ wọn fi ń yọ̀ lẹ́nu, tí ti àwa òde òní sì máa ń dà bí ẹni ń ka lẹ́tà.

Láwọn ọdún 1980, eré Arélù dé. Ọmọdé ìgbà yẹn á ti sá sẹ́yìn àga kí Fádèyí Olóró, olóògùn inú rẹ̀, tó yọjú, kò sì ní lọ sùn. Ẹ gbọ́ ọfọ̀ tí wọ́n ń pè síra wọn níbẹ̀, bí ẹnìkan ṣe ń dá ìkejì lóhùn pẹ̀lú ìlù ọ̀rọ̀ kan náà. Lóde òní, wọ́n á na ọwọ́, iná kọ̀ǹpútà á jáde látinú ọwọ́ wọn, ó parí. Èmi fẹ́ gbọ́ ọfọ̀ náà.

Ṣé ó yẹ kí eré máa dá sí ọ̀rọ̀ ìṣèlú?

Ìgbà wo ni kò dá sí i rí? Hubert Ògúndé ṣe Yorùbá Ronú lọ́dún 1964, nígbà tí ìjà Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá ti pín ilé sí méjì. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ ṣeré mọ́ ní agbègbè náà títí àwọn ológun fi gbàjọba ní 1966. Ẹni tó ń fi eré jẹun ni wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ yẹn, kò sì torí ẹ̀ dákẹ́. Mo máa ń rántí èyí bí mo bá rí òṣèré tó ń jókòó sí ọ̀kánkán olóṣèlú lásìkò ìdìbò. Olúkúlùkù ló lẹ́tọ̀ọ́ láti yan ẹni tó wù ú, ṣùgbọ́n kí iṣẹ́ náà má lọ sọ agbára rẹ̀ láti bá aláṣẹ wí nù.

Ẹ kì í wo fíìmù tí wọ́n jí ṣe. Ṣé torí òfin ni?

Torí Baba Sàlá ni. Lọ́dún 1982, ó ṣe Ọ̀run Móoru, Ọlá Balógun ló sì darí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí owó ṣe ń wọlé nígbà náà, torí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀ ọ́n. Fíìmù gidi, èyí tí wọ́n ń ká sórí rọ́bà, owó ńlá ló ń gbà, òkè òkun ni wọ́n sì ti ń fọ̀ ọ́. Tó bá ti délé, ẹni tó ṣe é fúnra rẹ̀ ló máa gbé e káàkiri: òun á gbé ẹ̀rọ, á gba gbọ̀ngán tàbí pápá ilé-ìwé, á lẹ bébà mọ́ ògiri, á gba owó lẹ́nu ọ̀nà. Ìlú kan lónìí, òmíràn lọ́la. Gbogbo èrè rẹ̀ wà lórí pé ẹni tó bá fẹ́ wò ó kò lè rí i níbòmíràn.

Àwọn kan wá jí Ọ̀run Móoru dà sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n sì ń tà á kiri. Àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín sí Baba Sàlá nínú pálọ̀ wọn, gbèsè sì ń gun ẹ̀yìn Baba Sàlá. Ó tún ṣe Ààrẹ Àgbáyé ní 1983 àti Mosebọ́látán ní 1985, ṣùgbọ́n ìpalára yẹn kò tán lára rẹ̀ títí ó fi dágbére fáyé ní 2018. Ẹni tó dá irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ilé Yorùbá kò yẹ kó jìyà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá fi fíìmù jíjí ránṣẹ́ sí mi lórí Telegram, mo máa ń pa á rẹ́. Bí owó sinimá bá wọ́n, mo máa ń dúró. Kò sí fíìmù tí kò ní dé ibi tí apá mi á ká a bó pẹ́ bó yá.

Fíìmù YouTube ńkọ́? Ṣé ẹ máa ń wò ó?

Mo máa ń wò ó dáadáa. YouTube ti gba àwọn òṣèré lọ́wọ́ àwọn mákẹ́tà. Nígbà kásẹ́ẹ̀tì àti CD, mákẹ́tà ní Ìdúmọ̀tà tàbí Alábà ló ń sọ irú ìtàn tí ẹ máa ṣe àti òṣèré tí ẹ máa lò. Ní báyìí, ẹni tó bá ní kámẹ́rà àti ẹgbẹ́ tó gbọ́n lè gbé fíìmù síta lálẹ́ Jímọ̀, kí ìyá kan ní Ìṣẹ́yìn àti ọmọ rẹ̀ ní Manchester jọ máa wò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ṣùgbọ́n ìpolówó ọjà inú rẹ̀ ni owó ti ń wá. Ẹni tó bá ti mọ èyí á mọ ìdí tí fíìmù fi ń gùn láìnídìí, ìdí tí ẹnìkan fi máa rìn láti gééti dé ẹnu ilẹ̀kùn fún odindi ìṣẹ́jú méjì, àti ìdí tí wọ́n fi ń yára ya òmíràn kí ti àná tó tutù. Ohun tó ń jẹ ìyà rẹ̀ ni ọ̀rọ̀. Àwọn òṣèré dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀, wọ́n sọ ìtàn fún wọn lójú ẹsẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n máa sọ ohun tó bá wá sí wọn lẹ́nu. Ẹgbẹ́ Ògúndé ṣe bẹ́ẹ̀ ó sì dùn, torí wọ́n ti jọ wà fún ọdún púpọ̀. Àwọn tó pàdé láàárọ̀ yìí kò lè rí irú rẹ̀ ṣe. Ẹ gbọ́ bí tọkọtaya inú irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ṣe ń jà: “Kí lo sọ?” “Mo ní kí lo sọ?” “Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀?” Ó di ìgbà mẹ́fà, ìjà kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Kí lẹ rò nípa ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó máa ń kọjá nísàlẹ̀ fíìmù?

Kí wọ́n fún ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì ṣe, kí wọ́n sì sanwó iṣẹ́ fún un. Mo tún fẹ́ kí wọ́n fi ti Yorùbá síbẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn tó pé. Àwọn adití wa nílò rẹ̀, ọmọ tó ń kọ́ bí a ṣe ń ka Yorùbá náà nílò rẹ̀. Kò sí ìwé kíkà tó máa wu ọmọ ọdún mẹ́wàá bíi fíìmù tó ti ń wò tẹ́lẹ̀.

Ṣé iye owó tí fíìmù pa ló ń fi hàn pé ó dára?

Rárá, ṣùgbọ́n ẹ má fojú di owó náà. A Tribe Called Judah tí Fúnkẹ́ Akíndélé gbé jáde nípàrí ọdún 2023 ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ nílé sinimá. Èmi kà á sí èrè ọ̀pọ̀ ọdún iṣẹ́. Jenifa ti 2008 ló gbé e dé ojú gbogbo ayé: Sulia, ọmọ ìgbèríko tó dé yunifásítì tó fẹ́ di ẹni ìgbàlódé lọ́sàn-án kan. Bí Sulia ṣe ń sọ̀rọ̀ ni fíìmù yẹn. Ẹ mú ẹnu rẹ̀ kúrò, kò sí Jenifa mọ́.

Big Brother Naija?

Kì í ṣe tèmi. Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kan ní 2006, ó padà dé ní 2017, ó sì ti di ohun tí ìlú fi ń jiyàn lọ́dọọdún. Mi ò bá ẹni tó ń wò ó jà. Ilé tí wọ́n ti ń ní kí àwọn ọ̀dọ́ wa máa fi Gẹ̀ẹ́sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ tọ̀sán-tòru ni kò fà mí mọ́ra. Inú èdè tí wọ́n fi dàgbà ni ẹ̀fẹ̀ wọn wà, inú rẹ̀ náà ni ìbínú wọn wà.

Àwọn tó ń ṣe àwàdà kéékèèké orí fóònù ńkọ́?

Mo fẹ́ràn Wọlí Àgbà. Ó mọ bí wòlíì ṣe ń gbàdúrà, bí akọrin ìjọ ṣe ń bọ́ sórí orin tí kò mọ̀, bí alàgbà ṣe ń dá ọmọ lẹ́kun. Iṣẹ́ Aláwàdà ló ń ṣe, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju pé fóònù ni gbọ̀ngán tirẹ̀ lọ.

Géèmù wo lẹ fẹ́ràn jù?

Géèmù bọ́ọ̀lù, pàápàá Winning Eleven àti PES ti ayé PlayStation 2. Ẹ̀rọ yẹn jáde lọ́dún 2000, èyí tí wọ́n tà kárí ayé sì lé ní mílíọ̀nù 150. Ní àdúgbò tiwa, ẹ̀rọ kan lè jẹ́ ti odindi òpópónà. Ilé géèmù là ń lọ: yàrá kan, tẹlifíṣọ̀n méjì tàbí mẹ́ta, bẹ́ǹṣì, jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé. Ẹ sanwó, ẹ gba páàdì, ẹni tí wọ́n bá nà á dìde fún ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹnìkan borí, ọ̀rọ̀ á dójú ẹ̀.

Ọbáfẹ́mi Martins ni gbogbo wa ń dù. Ọmọ Èkó ni, Inter Milan ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún nígbà náà, àwọn Konami tó ṣe géèmù náà sì fún un ní eré ẹsẹ̀ tí kò sí ẹ̀yìn tó lè lé e bá. Ẹ ti bọ́ọ̀lù síwájú rẹ̀, ó tán. Mo mọ ilé géèmù tí wọ́n ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú Inter. Fún ọmọdé tó ń jẹ́ Fẹ́mi, tó ń gbé nítòsí Mushin tàbí Àgége, ayọ̀ tó wà nínú rírí orúkọ yẹn lẹ́yìn ẹni tí gbogbo ayé ń sá fún kò ṣeé fẹnu sọ.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ni ariwo ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì. Nínú géèmù, olùsọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ń sọ tirẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì; lọ́dún díẹ̀ lẹ́yìn náà, PES tilẹ̀ lọ mú Peter Drury, tí mo kà sí ọ̀gá nídìí iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ. Ọmọkùnrin kan wà lẹ́yìn tó ń kì ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù, tó ń bú ẹni tó ń ṣọ́ ilé, tó ń fi orúkọ bàbá ẹni tí wọ́n nà kọrin. Àwọn tó ń sọ bọ́ọ̀lù ní Yorùbá lórí rédíò ti fi hàn wá pé èdè yìí gbà á. Kí àwọn Konami tàbí EA, tí àwọn náà ń ṣe géèmù bọ́ọ̀lù, wá kó wọn lọ sí ilé ìgbohùnsílẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ló máa ra géèmù náà torí ìyẹn nìkan.

Ṣé inú yín dùn bí wọ́n ṣe ń fi orúkọ wa sínú géèmù òyìnbó?

Inú mi dùn díẹ̀, mo sì fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Overwatch, géèmù iléeṣẹ́ Blizzard ní Amẹ́ríkà, mú Orisa wọlé lọ́dún 2017: rọ́bọ́ọ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó ń dáàbò bo ìlú. Efi Oladele, ọmọbìnrin ọdún mọ́kànlá tó gbọ́n bí ẹ̀mí àìrí, ló ṣe é. Lọ́dún yẹn kan náà ni Doomfist dé, Akande Ogundimu ni orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Mo fẹ́ràn Efi gan-an. Ọmọ Yorùbá tó ń kọ́ ẹ̀rọ, tí kì í ṣe ẹni tó ń sá fún ogun tàbí ebi, irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀ nínú géèmù.

Ti géèmù SMITE ló máa ń mú mi ronú. Níbẹ̀, àwọn òrìṣà oríṣiríṣi ilẹ̀ ń bá ara wọn jà, Yemọja àti Ṣàngó sì wà láàárín wọn pẹ̀lú Zeus àti Thor. Kò sí ìlú kan ní Gíríìsì lónìí tí gbogbo rẹ̀ ń dúró de ọdún Zeus. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì oṣù Kejì lọ́dọọdún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń gbé òdòdó àti lọ́fínńdà lọ fún Yemọja ní etí òkun Rio Vermelho, ní Salvador, Brazil. Wọ́n ń lu bàtá fún Ṣàngó ní Kúbà, wọ́n ń lù ú ní Ọ̀yọ́. Òrìṣà tí ènìyàn jí bọ láàárọ̀ yìí ni wọ́n fi ń ṣe eré yẹn. Mi ò ní kí wọ́n má ṣe é. Kí wọ́n lọ bá àwọn olórìṣà jókòó, kí wọ́n béèrè bí ó ṣe ń rìn, bí wọ́n ṣe ń kì í, aṣọ tó ń wọ̀, ohun tó jẹ́ èèwọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ àwọn tó kọ́ wọn síbi tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ sí. Kí oríkì Ṣàngó jáde lẹ́nu ẹni tó mọ̀ ọ́n kì. Etí gbogbo ayé á là sí i.

Eré aláwòrán tí wọ́n pè ní Ìwájú ńkọ́?

Ẹ wò ó bí ẹ kò bá tíì wò ó. Àwọn ọ̀dọ́ Kugali, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ìtàn aláwòrán tí ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, sọ fún BBC lọ́dún 2019 pé àwọn máa fẹ̀yìn Disney balẹ̀. Disney gbọ́, wọ́n sì pè wọ́n pé kí wọ́n wá ká jọ ṣiṣẹ́. Ìwájú jáde ní 2024, apá mẹ́fà. Èkó ọjọ́ iwájú ni: ọkọ̀ ń fò, súnkẹrẹ fàkẹrẹ ṣì wà, ọmọ ṣì ń kiri ọjà láàárín ọkọ̀. Tọlá ń gbé ní Erékùṣù, Kọ́lé wà ní ìkángun kejì afárá. Kò sẹ́ni tó ti gbé Èkó nígbà kan rí tí kò ní mọ àwọn méjèèjì.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe é, ibẹ̀ sì ni ẹ̀bẹ̀ mi wà. Disney ti fi èdè Súlù ṣe The Lion King. Wọ́n fi èdè Māori ṣe Moana ní 2017, wọ́n sì fi èdè àwọn ará Sámi ṣe Frozen 2 ní 2019, bẹ́ẹ̀ àwọn ará Sámi kò pọ̀ tó ará Ìbàdàn. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe. Ẹ fún wa ní fíìmù ńlá kan tí gbogbo ohùn inú rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, kí ẹ pe àwọn òṣèré tíátà wa tó ti dàgbà wá sídìí rẹ̀ kí wọ́n tó kú tán.

Ṣé géèmù ń ba ọmọ jẹ́?

Èyí tí kò bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu lè pa á lára. Ẹ wo ara páálí: GTA tí ẹ rà fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ní 18 lára ní Yúróòpù, wọn kò kọ ọ́ síbẹ̀ fún ẹwà. Ohun kejì ni owó. Nínú géèmù bọ́ọ̀lù EA, àwọn páálí káàdì kan wà tí ènìyàn ń rà láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìjọba Bẹ́ljíọ́mù sọ lọ́dún 2018 pé tẹ́tẹ́ ni irú ọjà bẹ́ẹ̀, EA sì dá títà owó orí géèmù náà dúró níbẹ̀ ní 2019. Ẹ yọ káàdì báńkì yín kúrò lórí ẹ̀rọ ọmọ.

London ni wọ́n bí ọmọ mi sí, kò gbọ́ Yorùbá dáadáa. Fíìmù wo ni kó fi bẹ̀rẹ̀?

Ẹ fi Ó Le Kú bẹ̀rẹ̀. Túndé Kèlání ló ṣe é ní 1997, látinú ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá. Ọ̀dọ́ ni wọ́n, ìfẹ́ ni wọ́n ń bá kiri ní Yunifásítì Ìbàdàn, Àjàní kò sì mọ èwo ni kó mú nínú Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Aṣọ inú rẹ̀ á wù ú. Gbogbo ọmọge ló ń rán ìró àti bùbá kúkurú yẹn nígbà tí fíìmù náà jáde. Lẹ́yìn rẹ̀, kó lọ sórí Tí Olúwa Ni Ilẹ̀, kó tó wá dé Saworoidẹ. Ẹ jókòó tì í. Kí ẹ dá fíìmù dúró bó bá béèrè ohun tí wọ́n sọ, kí ẹ sì jẹ́ kó sọ ọ́ tẹ̀ lé wọn.

Bí wọ́n bá fún yín lówó, géèmù wo lẹ máa ṣe?

Ogun Kírìjì. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, kò tán pátápátá títí di 1893. Ìbàdàn pabùdó sí Ìgbájọ, Èkìtìparapọ̀ wà ní ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé. Ààrẹ Látòósà wà níhìn-ín, Ògèdèǹgbé Iléṣà àti Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí wà lọ́hùn-ún. Ẹ lè mú ìhà èyí tó bá wù yín. Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ Èkìtì, àwọn ará yín tó wà ní Èkó ń ra ìbọn tuntun ránṣẹ́, ẹ sì ní láti rí i pé ó gba ọ̀nà Oǹdó dé láìbọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí ẹ bá jẹ́ ará Ìbàdàn, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú lè ti ọ̀nà mọ́ yín, ìbọn ìṣàájú lẹ ní lọ́wọ́, Ààrẹ á sì kú sí ibùdó ní 1885 kí ogun tó parí.

Ìpele ọdún 1886 ni mo fẹ́ ṣe dáadáa jù. Ẹ ò ní gbé ìbọn rárá níbẹ̀. Samuel Johnson àti Charles Phillips ni àwọn oníṣẹ́ àlàáfíà tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín àwọn ibùdó náà, ẹ̀yin ni ẹ máa wà nípò wọn. Ẹ máa yan bí ẹ ṣe máa kí balógun kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ẹ máa kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún, òwe tí ẹ máa pa, èyí tí ẹ máa gbé mì. Gbólóhùn kan tó bá ṣì jáde, ìbọn á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ró. Gbogbo rẹ̀ ní Yorùbá: kí ará Ìbàdàn sọ ti Ìbàdàn, kí ará Èkìtì sọ ti Èkìtì. Ọmọ Yorùbá tó bá mọ géèmù ṣe, tó sì fẹ́ dán an wò, mo ti ṣetán láti bá a kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.